Dúró Ládiípọ̀: Olórin Tó Fi Bàtá Sọ Ìtàn Ọba

Dúró Ládiípọ̀, ọmọ Òṣogbo tó kú ní ọjọ́ 11 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1978, jẹ́ olùṣẹ̀dá orin, òṣèré àti olùdarí eré. Òun ló sọ ìtàn àwọn ọba Ọ̀yọ́ di eré tí orin, ìlù, ijó àti ọ̀rọ̀ ti jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ọba Kò So, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ṣe ní Òṣogbo ní ọdún 1963, ló gbé orúkọ rẹ̀ dé Jámánì, Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà. Ẹ bi àwọn tó wo eré náà nígbà ayé rẹ̀ léèrè, iná tó ń yọ lẹ́nu Ṣàngó ni wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ. Òótọ́ ni pé iná yọ, Ládiípọ̀ fúnra rẹ̀ ló sì ń ṣe Ṣàngó. Àmọ́ iná yẹn ti bo iṣẹ́ tó tóbi jù ú lọ mọ́lẹ̀. Olùṣẹ̀dá orin ni Ládiípọ̀ kí ó tó di ohunkóhun mìíràn, ojú yẹn ló sì yẹ ká fi wò ó tí a bá fẹ́ mọ ohun tuntun tó mú wá.

Ilé ìjọsìn àti ìlù

Orúkọ rẹ̀ sọ irú ọmọ tó jẹ́. Dúródọlá, Dúró: orúkọ àbíkú tí a fi ń bẹ ọmọ pé kó má padà. Bàbá rẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọ Áńgílíkà, inú ilé tí wọ́n ti ń kọ orin ìsìn láàárọ̀ àti lálẹ́ ló sì dàgbà sí. Ṣùgbọ́n Òṣogbo kì í ṣe ìlú tí ògiri ilé ìjọsìn lè dí etí ọmọ mọ́ nínú rẹ̀. Ọdún Ọ̀ṣun wà níbẹ̀, egúngún ń jáde, àwọn oníṣàngó ń jó bàtá lójú títì. Ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọ náà rí gbogbo rẹ̀, ó sì gbọ́ ọ. Nígbà tó dàgbà, ó ṣe tíṣà, ó ṣiṣẹ́ dé Kàdúná ní Òkè Ọya, ibẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ènìyàn jọ ṣe eré. Lẹ́yìn náà ló padà sílé.

Ìjà tó sọ ọ́ di ẹni tó dà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orin Àjíǹde. Ní nǹkan bí ìgbà tí Nàìjíríà gba òmìnira, ó ṣẹ̀dá orin Àjíǹde fún ìjọ All Saints ní Òṣogbo, ó sì mú ìlù ìbílẹ̀ wọ inú rẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ kò gbà. Lójú wọn, ìlù òrìṣà kò ní ohun tó ń wá níwájú pẹpẹ. Ládiípọ̀ kò jiyàn pẹ́. Ó gbé orin náà jáde kúrò ní ilé ìjọsìn, ó lọ ń kọ ọ́ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àti àwọn tó bá fẹ́ gbọ́.

Ká lè mọ ohun tó wà nídìí ìjà yìí, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí orin ìsìn ti ṣe sí èdè wa. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì túmọ̀ orin ìsìn sí Yorùbá, ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbé lé e lórí. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ní ìró òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀. Tí ohùn orin bá ń lọ sókè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á dojú rú, ẹni tó ń kọ ọ́ á sì máa sọ ohun tí kò ní lọ́kàn. T. K. Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà ní Marina, Èkó, láti 1914 títí di 1962, ti kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1953: kí orin tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Phillips ṣe àtúnṣe rẹ̀ nínú ilé ìjọsìn, pẹ̀lú ẹgbẹ́ akọrin àti dùùrù. Ládiípọ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Ó lọ bá ohun èlò tó ti mọ bí a ti ń sọ Yorùbá tipẹ́tipẹ́, ìyẹn ìlù.

Láti ilé ọtí dé Mbari Mbayo

Ní 1961, àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ulli Beier, ará Jámánì tó ti ń kọ́ àwọn ènìyàn ní Yunifásítì Ìbàdàn láti 1950, wà lára wọn. Ládiípọ̀ kọrin Kérésìmesì rẹ̀ níbẹ̀, ohun tó rí sì wù ú. Ó ní ilé ọtí kan ní Òṣogbo tí wọ́n ń pè ní Popular Bar. Òun àti Beier sọ ilé náà di gbọ̀ngàn eré àti ibi àfihàn àwòrán, wọ́n sì ṣí i ní oṣù Ẹrẹ́nà 1962 pẹ̀lú eré Ládiípọ̀ tó ń jẹ́ Ọba Mọ́rọ̀. Bí Mbari Mbayo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn kan fẹ́ ka gbogbo iṣẹ́ Ládiípọ̀ sí ti Beier. Beier ràn án lọ́wọ́ lóòótọ́. Ó bá a wá ọ̀nà dé òkè òkun, ó sì tún mẹ́ta nínú àwọn eré rẹ̀ kọ ní Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí Mbari tẹ̀ jáde ní 1964. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti bá ìjọ jà nítorí ìlù kí ó tó dé Mbari kò nílò àlejò tí yóò sọ fún un pé ìlù dára. Ohun tí Mbari fún un ni àyè. Ìlú rẹ̀ gan-an ló fún un ní orin.

Ilé kan náà ló bí àwọn ayàwòrán Òṣogbo tí ayé mọ̀ lónìí. Jacob Afọlábí àti Rufus Ògúndélé ń ṣeré nínú ẹgbẹ́ Ládiípọ̀ kí wọ́n tó di ayàwòrán. Jímọ̀h Buraimoh ló ń mójú tó iná ìtàgé. Twins Seven Seven wọlé gẹ́gẹ́ bí oníjó, Múràínà Oyèlámì náà wà níbẹ̀. Lọ́sàn-án, wọ́n á ya àwòrán lọ́dọ̀ Georgina Beier, aya Ulli. Lálẹ́, wọ́n á gun ìtàgé. Ìdí nìyẹn tí ijó fi wà nínú àwòrán wọn.

Ọba Kò So

Eré yìí ni Ládiípọ̀ fi ṣe àjọ̀dún kìíní Mbari Mbayo ní 1963. Ìtàn rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Ogun ti sú àwọn ará Ọ̀yọ́ nítorí akọni méjì, Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná àti Gbọ́nńkáà Ẹbìrì. Ṣàngó, ọba wọn, rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ, ó rò pé ibẹ̀ ni yóò kú sí. Tìmì kò kú, ó joyè. Ṣàngó rán Gbọ́nńkáà lọ mú un wá, Gbọ́nńkáà ṣẹ́gun rẹ̀, ọba sì ní kí àwọn méjèèjì tún wá jà lójú òun. Gbọ́nńkáà ṣẹ́gun lẹ́ẹ̀kejì, ó bẹ́ Tìmì lórí. Wọ́n dáná sun Gbọ́nńkáà, iná kò ràn án, ó jáde wá, ó sì ní kí ọba fi ìlú sílẹ̀. Ìbínú Ṣàngó wá bọ́ sórí àwọn ènìyàn tirẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ là, ó rí ohun tó ṣe, ó kúrò nílùú, Ọya aya rẹ̀ náà fi í sílẹ̀. Àwọn tó kù lẹ́yìn rẹ̀ ló kéde ọ̀rọ̀ tó di orúkọ eré náà.

Ẹni tó bá ka ìtàn yìí nínú ìwé Samuel Johnson, tó jáde ní 1921, ti ka ìtàn. Ibi tí iṣẹ́ Ládiípọ̀ wà ni bó ṣe pín in fún ohùn. Kò mú orin kan ṣoṣo tẹ eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gbogbo ẹnu tí Yorùbá fi ń sọ̀rọ̀ ọlá àti agbára ló pè wá: oríkì láti ẹnu àwọn ayaba, ìjálá, ọfọ̀, orin tí àgbájọ ń gbè. Ìgbà tí Gbọ́nńkáà bá Tìmì jà ní Ẹdẹ, ọfọ̀ ló fi ṣẹ́gun rẹ̀, ọfọ̀ ló fi kùn ún lóorun. Idà kò ṣe nǹkan kan níbẹ̀. Nínú opẹ́ra Yúróòpù, irú ìjà bẹ́ẹ̀ á di orin ẹni méjì. Nínú Ọba Kò So, ọ̀rọ̀ ló bá ọ̀rọ̀ jà, ẹni tó mọ ìpìlẹ̀ ohun tó ń pè ló borí. Etí ará ìlú mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ń kígbe àti ẹni tó ń pe ọfọ̀, kò sì sí ohun èlò orin tí a lè fi dípò rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ìlù. Ládiípọ̀ lo dùndún àti bàtá, ó sì mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣe. Ìyáàlù dùndún a máa sọ̀rọ̀ kedere. Ó lè ki ọba kó tó wọlé, ó lè dá a lóhùn, ó lè kìlọ̀ fún un. Bàtá kò ní ọ̀rọ̀ tó dán bẹ́ẹ̀. Ó ń ta, ó ń já, ó ń kólòlò, ìyáàlù rẹ̀ àti omele ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ra wọn lẹ́nu. Ìlù Ṣàngó ni, bí ìbínú Ṣàngó ṣe rí náà ló sì ṣe rí. Ọba tí inú ń bí kò nílò ọ̀rọ̀ gígùn lórí ìtàgé yìí. Bàtá á sọ ọ́, èjìká òṣèré á gbà á, àwọn tó ń wò á sì ti mọ ohun tó ń bọ̀. Níbí ni a ti rí i pé ijó kì í ṣe ohun tí a fi sinmi láàárín ọ̀rọ̀. Ohun tí ẹnu kò lè sọ mọ́ ni ijó gbà láti sọ.

Mo gbà pé èyí ni ohun tuntun tó mú wá, ó sì ṣe pàtàkì ká sọ ọ́ dáadáa, torí àwọn kan máa ń sọ pé ohun àtijọ́ ló kàn gbé sórí ìtàgé. Kò sí ibì kankan láyé àtijọ́ tí ìjálá ọdẹ, oríkì ààfin, ọfọ̀ adáhunṣe àti bàtá oníṣàngó ti jọ ń sọ ìtàn kan ṣoṣo láàárín wákàtí méjì níwájú èrò tó sanwó wọlé. Olúkúlùkù ní ọjọ́ tirẹ̀, ó ní ilé tirẹ̀, ó ní àwọn tó ni ín. Ládiípọ̀ ló kó wọn jọ, tó pinnu èyí tó máa ṣáájú, ibi tí ìlù ti máa dákẹ́, ibi tí àgbájọ ti máa wọlé. Ẹni tó ń ṣe irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ là ń pè ní olùṣẹ̀dá orin.

Òun nìkan kọ́ ló gbé e ró. Abíọ́dún, aya rẹ̀, ló ń ṣe Ọya, ọ̀pọ̀ ló sì gbà pé kò sí Ọya mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Tìjání Máyàkírí ṣe Tìmì. Lérè Pàímọ́, tí àwọn ènìyàn wá mọ̀ sí Ẹ̀dá Onílé Ọlá nígbà tó yá, ṣe Gbọ́nńkáà. Àwọn onílù ẹgbẹ́ náà sì jẹ́ ọmọ àyàn, ilé ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ wọn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ní 1964, wọ́n gbé eré náà lọ sí àjọ̀dún eré ní Berlin. Ní 1965, wọ́n gbé e lọ sí Ìlú Ọba fún Commonwealth Arts Festival. Ní 1975, ó dé Amẹ́ríkà. Àwọn tó wò ó ní Berlin kò gbọ́ Yorùbá, síbẹ̀ wọ́n jókòó tì í dópin, wọ́n sì yìn ín gidigidi.

Àwọn eré yòókù

Ọba Mọ́rọ̀ dá lórí Aláàfin Abípa tó rán ọdẹ lọ mú àwọn iwin tí àwọn ìjòyè fi ń dẹ́rù bà á kó má baà padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Ọba Wàjà, tó jáde ní 1964, dá lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ lẹ́yìn tí Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà ní 1944: ẹni tó yẹ kó bá ọba lọ, òyìnbó dá a dúró, ọmọ rẹ̀ sì kú dípò rẹ̀. Wọlé Ṣóyínká kọ ìtàn kan náà ní Gẹ̀ẹ́sì ní 1975, òun ni ayé sì mọ̀ jù. Ti Ládiípọ̀ ló ṣáájú. Ó tún ṣe Ẹ̀dá, tí wọ́n fà yọ láti inú eré àtijọ́ Yúróòpù tó ń jẹ́ Everyman. Ó ṣe Mórèmí, nínú èyí tó pe àwọn oníjó Agbor wá láti ṣe àwọn ọ̀tá Ifẹ̀, kí ohùn àti ijó àwọn àjèjì náà lè yàtọ̀ gedegbe sí ti Ifẹ̀. Mo ka èyí sí ọ̀kan lára àwọn ìpinnu rẹ̀ tó gbọ́n jù: dípò kí ọmọ Yorùbá máa sín àjèjì jẹ, kí àjèjì fúnra rẹ̀ wá jó. Ó ṣe Bódé Wásinmi náà fún tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lóde àti nílé

Hubert Ògúndé ló ṣínà. Ní oṣù Òkúdu 1944, ní Glover Hall ní Èkó, ó gbé eré ọgbà Édẹ́nì jáde fún ìjọ tirẹ̀, eré alárìnká tòde òní sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ògúndé fẹ́ràn fèrè saxophone àti ìlù jáàsì, ó sì mọ bí a ti ń mú èrò Èkó dání. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, tí òun náà fi Òṣogbo ṣe ilé, gba ọ̀nà ẹ̀fẹ̀ àti ìwà ọmọ ènìyàn. Ládiípọ̀ ló sọ pé ohun èlò òyìnbó kò ní wọ inú eré ọba.

Ẹni tó yẹ ká gbé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jù lọ ni Akin Euba, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1935. Euba kọ́ píánò ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ṣe olórí ẹ̀ka orin ní rédíò ìjọba àpapọ̀, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Gánà ní 1974 lórí ìlù dùndún, ó sì kọ ìwé ńlá kan lórí rẹ̀ tó jáde ní 1990. Ní 1970, ní Ifẹ̀, ó sọ ewì tí Léopold Sédar Senghor ti Sẹ̀nẹ̀gà kọ lórí Ṣaka, ọba àwọn Zulu, di opẹ́ra tí ohun èlò Áfíríkà àti ti Yúróòpù jọ wà nínú rẹ̀. Ó kú ní Amẹ́ríkà ní 2020. Euba ń kọ orin rẹ̀ sórí ìwé, kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí lè ṣe é ní Birmingham. Wọ́n sì ṣe opẹ́ra Ṣaka níbẹ̀ ní 1995. Ládiípọ̀ ń gbé tirẹ̀ lé ẹnu àti ọwọ́ àwọn tó wà níwájú rẹ̀. Ọ̀nà kan ń pẹ́ láyé, ọ̀nà kejì jinlẹ̀ sínú ìlú. A nílò àwọn méjèèjì.

Ní New York ní àkókò kan náà, àwọn ọ̀dọ́ olórin ń wó ògiri láàárín orin, ijó àti eré. Meredith Monk, tí wọ́n bí ní 1942, lo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Guggenheim ní 1969 láti fi ṣe iṣẹ́ kan tí akọrin àti oníjó fi kún gbogbo àjà ilé náà. Wọ́n pè é ní ìṣọ̀tẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì rí fún wọn. Ní Òṣogbo, ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìjọsìn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ògiri yẹn, Ládiípọ̀ kò sì jẹ́ kí wọ́n mọ ọ́n parí. Ohun tí Monk wá kiri, Ládiípọ̀ bá a nílé.

Ohun tó kù

Àlébù kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ bò. Ládiípọ̀ kò fi orin sílẹ̀ lórí ìwé. Ọ̀rọ̀ Ọba Kò So tí a ní, àwọn onímọ̀ ló fetí sí i tí wọ́n sì dà á kọ: R. G. Armstrong, Robert Awujọọla àti Val Ọláyẹmí, tí Ibùdó Ẹ̀kọ́ Áfíríkà ní Yunifásítì Ìbàdàn sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1972. Iṣẹ́ ribiribi ni. Síbẹ̀ ìwé náà kò lè sọ fún wa ohun tí bàtá ń ṣe nígbà tí Ọya ń yí ẹ̀yìn padà. Nígbà tí Ládiípọ̀ kú, àwọn kan gbìyànjú láti máa ṣe eré náà lọ, Abíọ́dún ló sì ṣe jù. Ṣùgbọ́n ìran tó ṣe é pẹ̀lú rẹ̀ ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìfẹ́ sí kí orin, ijó àti eré jọ máa lọ, tó wà nínú iṣẹ́ rẹ̀, kò tíì kú láàárín àwọn ọ̀dọ́. Ajégúnlẹ̀ ní Èkó ló bí galala ní àwọn ọdún 1990, orin tí kò ṣe é yà kúrò lára ijó rẹ̀, tí Daddy Showkey fi di ìlú mọ̀ọ́ká. Títí di òní, ẹni tó bá kọjá ní Boundary níbi tí Apápá àti Ajégúnlẹ̀ ti pàdé yóò rí àwọn ọmọ tó ń jó, tó ń kọrin, tó sì ń ṣeré lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí wọn kò ní ni ẹni tí yóò fi Ọba Kò So hàn wọ́n, ká tó sọ ti ẹni tí yóò kọ́ wọn ní bàtá. Gbọ̀ngàn Eré Ìtàgé Orílẹ̀-èdè ní Ìgànmú kò sì jìnnà sí wọn rárá.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ ni mo fi ń bẹ àwọn tí ohùn àti àwòrán eré náà wà lọ́wọ́ wọn. Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ibùdó àṣà CBCIU (Centre for Black Culture and International Understanding) ní Òṣogbo, àti ilé iṣẹ́ ọnà Iwalewahaus ní Bayreuth, Jámánì: ẹ gbé wọn jáde, ẹ jẹ́ kí àwọn onílù tó ṣì wà láyé jókòó tì wọ́n, kí wọ́n sọ fún wa ohun tí ìlù ń sọ, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá. Àwọn tó bá Ládiípọ̀ ṣiṣẹ́ ti di arúgbó. Ọdún yìí ló yẹ kí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀.